Ẹfọ̀n Onírun Lẹ́yìn Oko Eudokia

Ahọ́n wa kò ní lẹ́tà tí Bazyli fi ń pè ọ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é fún mi lẹ́nu ọ̀nà igbó Białowieża,
èéfín ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ìkòkò tó ń hó.
Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní ẹfọ̀n,
bíi ti ìbátan rẹ tó wà nílẹ̀ gbígbóná,
tí kò nírun tó báyìí, tí inú rẹ̀ sì ń yára bí.
Ó rẹ́rìn-ín. “O ò tíì rí i lójọ́ tí inú bá bí tibí.”

Òjò dídì dé wa ní orúnkún.
Ó fi igi tọ́ka sí ipa ẹsẹ̀: pátákò méjì, ó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀.
“Ìyá ló ṣíwájú. Akọ kì í darí agbo.”
Àwọn akọ ńlá ń dá rìn káàkiri
bí àgbà tó bá ará ilé jà.
Ìyá arúgbó kan ló mọ ibi tí omi kì í dì,
ló mọ igi tí èèpo rẹ̀ kò tíì le ju eyín lọ.
Ibi tó bá yà sí, ibẹ̀ ni ọ̀nà.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí ọ:
inú àpòlúkù rẹ ń kùn bí ọlọ.
O dùbúlẹ̀, o ń jẹ àpọ̀jẹ.
Òjò dídì wà ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ, kò yọ́,
nítorí irun rẹ nípọn débi pé
ooru ara rẹ kò ráàyè jáde lọ sọ fún un
pé ẹnìkan ń mí nísàlẹ̀.
Èyí tí mo pè ní iké, òpó ni,
egungun gíga tí iṣan dì mọ́
kí orí wíwúwo yẹn má baà já bọ́.
Ojú rẹ kò ríran jìnnà. Imú rẹ ló ń kàwé.
O gbé e sókè, o kà wá látòkè délẹ̀,
o sì padà sídìí oúnjẹ rẹ.

Bazyli sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nílé òkú.
Ogun wá, ebi tẹ̀lé ogun, ìbọn tẹ̀lé ebi.
Èyí tó kẹ́yìn nínú igbó ṣubú.
Ẹ̀yìn irin nìkan lẹ kù sí, nínú ọgbà ìlú onílùú.
Ara ẹran méjìlá ni gbogbo yín ti ṣẹ̀.
Méjìlá! Wọn ò kún yàrá kan níbi ìkómọjáde.
Ìbátan ń gun ìbátan láti ìgbà náà,
àrùn kan sì wà tó ń mú akọ
níbi tí akọ ti ń jẹ́ akọ.

“Oṣù Kẹjọ ni kí o wá,” ló wí.
Akọ á tọ̀ sínú eruku, á yíràá nínú rẹ̀,
á wá kan gbogbo igbó lóòórùn.
Ìjà púpọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó parí:
èyí tó kéré á yí ìhà padà
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí koríko.
Oṣù mẹ́sàn-án, bíi tiwa gan-an,
abo á yà kúrò lágbo, á bí ọ̀kan ṣoṣo.
Kí wákàtí kan tó pé, ó ti dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ bi Eudokia léèrè.
“Ta ló gbin ráì? Èmi. Ta ló jẹ ẹ́?”
Ó ti fi ọmọrí lu ìkòkò títí,
ẹ wò ó bí ẹní ń wo òjò.
Lóṣù Kejì, akọ arúgbó kan wá kú sẹ́yìn àká rẹ̀.
Kò ké. Ó kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ló kọ́kọ́ tẹ̀.
Kannakánná débẹ̀ ṣáájú ìjọba;
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fòru bojú, ó mú tirẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ yọ́,
ẹyẹ kan ń fa irun lára wáyà, ó ń fi tẹ́ ìtẹ́.
Koríko ibẹ̀ ga ju ti ibòmíràn lọ.
Eudokia kò fi dòjé kàn án.

Mo bi í pé kí ló dé.
Ó ní òun ò mọ̀.
Ó ní wọ́n ti jẹ ráì tọdún yìí náà.